Kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀fẹ́

Ojú sísán tó wà lára ògiri pálọ̀ náà ga ju ènìyàn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àjà, ó wọ́ ara rẹ̀ wálẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì parí sí ẹ̀yìn àga kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Máfọwọ́kàn fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ki ìka rẹ̀ tó kéré jù bọ̀ ọ́, ìka náà wọlé dé oríkèé. Ó dìde díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Máfọwọ́kàn kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá tó bá a ṣiṣẹ́ ló fi pè é, nítorí pé níbikíbi tí wọ́n bá ti dáràn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Ẹ má fọwọ́ kàn án." Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, orúkọ náà ni kò fẹ̀yìntì. Àwọn lọ́yà ló ń pè é báyìí, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń pè é sí kò ní ìbọn nínú, kò ní òkú nínú. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, ògiri ni. Ó rẹ̀ ẹ́, ì bá wù ú kó wà nílé kó na ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé irọ́ tó lè wó ilé lè pa onílé mọ́ ọn.

Obìnrin tó ni ilé náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lé àyà. Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, kó tó fi ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ilé kékeré yìí, yàrá kan àti pálọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé. Àbúrò ọkọ náà, agbaṣẹ́ṣe tó lórúkọ, ló bá a kọ́ ilé, tó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ilé kíkọ́ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pé bí ògiri náà kò bá rí àtúnṣe kí oṣù tó parí, àwọn yóò ti ilé náà pa. Kò ní ibòmíràn tó ń jẹ́ tirẹ̀.

Lọ́yà tó pe Máfọwọ́kàn wá, ọmọbìnrin kan tí Ìyá Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní A, B, D, na lẹ́tà kan sí i. Ó ní èsì agbaṣẹ́ṣe náà rèé. Ohun méjì ni ọkùnrin náà dì mú. Èkíní, ìwé àdéhùn sọ pé àléébù tí onílé kò bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn láàárín oṣù mẹ́fà tó gba kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ẹrù òun mọ́. Èkejì, ní oṣù kẹrin tí Ìyá Tíṣà kó wọlé, ó gbẹ́ kànga sí àgbàlá. Kànga yẹn ló mi ilẹ̀, ilẹ̀ ló mi ògiri, ọwọ́ òun mọ́.

"Kí wá ni mo lè ṣe?" Ìyá Tíṣà béèrè. Ó jọ ohùn ẹni tó ti béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀.

Lọ́yà náà ṣàlàyé fún un bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ka iṣẹ́ rẹ̀ fún olùkọ́. Òfin fún onílé láyè láti pe ẹni tó kọ́ ilé padà pé kó wá tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò dá wọn lóhùn. Wọ́n tún lè jọ fa ọ̀rọ̀ lé ọ̀mọ̀ràn kan lọ́wọ́, ẹni tó mọ ilé, tí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí. Ọ̀mọ̀ràn náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ìyẹn kò bá so èso, ó di kóòtù, àti pé kóòtù lè gba ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí wọ́n gbà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa pàdé wọn lọ́nà: ìgbà wo ni ògiri yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sán? Bó bá jẹ́ kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́ ni, ọ̀rọ̀ kànga ti kú.

Máfọwọ́kàn tún kúnlẹ̀. Ó fi ìṣó kékeré kan ha inú ojú sísán náà, ó tan iná sí i, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Kò sí ọ̀dà nínú ẹ̀. Ògiri tó bá ti sán kí wọ́n tó kùn ún, ọ̀dà á ti wọnú ẹ̀. Inú eléyìí mọ́ fínnífínní. Ìgbà tí wọ́n kun ilé yìí tán ló tó sán."

"Àwọn gan-an la ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wá ẹ̀rí yẹn," ni lọ́yà náà wí, ó sì jókòó.

Máfọwọ́kàn mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì dùn ún, nítorí pé Ìyá Tíṣà kò bú òun, kò sì sunkún. Ó kàn lọ gbé omi wá fún un ni. Ó mu omi náà, ó ní òun fẹ́ rí ẹ̀yìn ògiri náà.

Yàrá ni ẹ̀yìn ògiri náà bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tó kù, láti ilẹ̀ dé òkè àjà, kọ́bọ́ọ̀dù gbòòrò kan ló bò ó. Ìyá Tíṣà ní ibẹ̀ lòun ti ń sùn, nítorí pé níbẹ̀, ògiri ṣì dára. Máfọwọ́kàn béèrè ẹni tó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù náà.

"Ọkọ mi ni," ó dáhùn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀, bí ìyàwó ilé ṣe ń pè wọ́n. "Kò sí nínú pílánù. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ta mí lọ́rẹ. Ọ̀fẹ́ ni. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ni kì í pa dé dáadáa, inú ẹ̀ ò jìn tó láti gba háńgà. Mo máa ń fi ẹ̀gbẹ́ kọ́ aṣọ sí i. Ẹni tí wọ́n ṣe lóore ò gbọ́dọ̀ máa ka eyín olóore."

Máfọwọ́kàn ṣí ilẹ̀kùn náà. Ó na ọwọ́ wọ inú títí ìka rẹ̀ fi kan pákó ẹ̀yìn, ó fi àtàǹpàkò sàmì sí ibi tó dé lára ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù lóde, láti iwájú rẹ̀ dé ara ògiri. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe gbé ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

Ọ́fíìsì agbaṣẹ́ṣe náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún, orúnkún Máfọwọ́kàn ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin sísanra kan ló bá níbẹ̀, àwòrán ilé lóríṣiríṣi yí i ká, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn. Ó fún un ní àga, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó béèrè ohun tó bá fẹ́.

"Bàbá, ìyàwó wa lobìnrin yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ ẹ. Ògiri ìdílé wa ò lanu rí, àfi ìgbà tí lọ́yà kékeré yẹn dé. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́."

Máfọwọ́kàn ní òun yóò jíṣẹ́. Ó béèrè bí kànga ṣe jìn tó sí ògiri tó sán.

"Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógún." Èsì náà jáde kí ìbéèrè tó jókòó.

"Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn dára. Ṣé gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá kọ́lé fún lẹ máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún?"

Ẹ̀rín náà dúró lójú ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nínú ohùn rẹ̀. "Ṣé ó ti wá dẹ̀ṣẹ̀ kéèyàn ṣe ìyàwó ilé lóore ni?"

Máfọwọ́kàn béèrè orúkọ bíríkìlà tó mọ ògiri náà àti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọkùnrin náà ṣe bí ẹni tó gbàgbé, ó tún rántí. Bí Máfọwọ́kàn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún náà, ó ń rò ó. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í fi téèpù wọn àgbàlá onílé kí wọ́n tó bi í. Kànga náà sì rèé, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló wà. Ògiri ilé ìdáná ló sún mọ́ ọn jù, ìyẹn kò sì ní ìlà kan lára. Irú kànga wo ló máa fo aládùúgbò rẹ̀ lọ bá ẹni tó wà lọ́nà jíjìn jà? Síbẹ̀, àròjinlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀mọ̀ràn tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì lè ní omi abẹ́ ilẹ̀ kò ní ojú ọ̀nà kan.

Ní ọjọ́ kejì, ó rí bíríkìlà náà ní ilé ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n ń tún ṣe. Àgbàlagbà ni, ó tó ẹgbẹ́ Máfọwọ́kàn fúnra rẹ̀, ó ń fọ irin tó fi ń rẹ́lé nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì kí ara wọn, wọ́n bá ara wọn kẹ́dùn ẹ̀yìn ríro. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí ilé Ìyá Tíṣà, ó ní òun mọ ògiri, òun gba owó iṣẹ́ òun, òun lọ. Kò rí ohunkóhun tó sán. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ ọ́.

Máfọwọ́kàn ti fẹ́ máa lọ kó tó rí nǹkan kan lára ògiri lókè orí ọkùnrin náà. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò gùn ju ọwọ́ ènìyàn lọ, ó dábùú ojú sísán kan. Sìmẹ́ńtì kékeré lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní orí àti ní ìdí. Wọ́n kọ ọjọ́ àti oṣù sára sìmẹ́ńtì náà.

Ó béèrè ohun tí gíláàsì ń wá lára ògiri. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú ọkùnrin náà là.

"Ògiri ò lè sọ̀rọ̀, gíláàsì yìí ló ń bá a sọ ọ́. Tí ògiri bá ṣì ń rìn, á fọ́. Tí ò bá fọ́ títí òjò fi lọ, a jẹ́ pé ó ti dúró, a lè wá dí i. Ìṣó ni mo fi ń kọ ọjọ́ sí i kó tó gbẹ. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, èmi náà ò fi ọ̀kan sílẹ̀ rí."

"Ti ilé Ìyá Tíṣà ńkọ́?"

Ojú náà tún pa dé. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ irin tó ti mọ́. "Mo láwọn tí mò ń bọ́, Bàbá. Ọ̀gá yẹn ló ń gbé iṣẹ́ fún mi."

Máfọwọ́kàn kò fipá mú un. Irú ìbẹ̀rù yìí tó ti rí lójú àwọn ẹlẹ́rìí ju irun tó kù lórí rẹ̀ lọ, kò sì sí èyí tí igbe ọlọ́pàá wò sàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn ògiri ilé ìwé náà, ó to ọ̀rọ̀ pọ̀. Bí kò bá sí gíláàsì nílé Ìyá Tíṣà, "rárá" lásán ti tó bíríkìlà láti sọ. Gíláàsì wà níbẹ̀, nígbà náà. Gbogbo ògiri ilé náà lòun sì ti wò, àyàfi ibi kan. Ní ibi kan náà yẹn, ìta kọ́bọ́ọ̀dù fi ìka mẹ́rin gùn ju inú rẹ̀ lọ. Ìka mẹ́rin wà láàárín pákó ẹ̀yìn àti ògiri, kò sì sí káfíńtà tó mọṣẹ́ tó máa fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣòfò lásán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wá sọ sí i lọ́kàn tó fi dìde láìrántí orúnkún rẹ̀. Ó pe lọ́yà náà lórí fóònù. Kò kọ́kọ́ sọ ohun tó rí. Ó ní kó lọ sọ fún Ìyá Tíṣà pé kó má sùn sí yàrá yẹn mọ́, ògiri lè wó lù ú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ènìyàn mẹ́fà há sínú yàrá kékeré náà. Ọ̀mọ̀ràn tí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú ìwé àti bírò, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀. Agbaṣẹ́ṣe náà ń nu ọrùn. Ó ní òun kò mọ ohun tí kọ́bọ́ọ̀dù ní í ṣe pẹ̀lú kànga, àti pé bí wọ́n bá ba ẹ̀bùn òun jẹ́, òun kò ní ṣe òmíràn. Káfíńtà tó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù náà ni Máfọwọ́kàn ní kó wá tú u, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n ki nǹkan bọ ibẹ̀. Nígbà tí súkúrù tó kẹ́yìn jáde, tí wọ́n sì rọra wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò, gbogbo wọn sún mọ́ ọn.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Máfọwọ́kàn wí.

Ojú sísán tó wà níbẹ̀ fẹ̀ ju ti pálọ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹnu rẹ̀ funfun, ọ̀dà ti ṣàn wọ inú rẹ̀, ó sì ti gbẹ síbẹ̀. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú rẹ̀ ní bí igbọ̀nwọ́ méjì sí orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ṣẹ́ sí méjì, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì gba ìka. Ọ̀mọ̀ràn náà tẹ̀ síwájú, ó ka ọjọ́ tí wọ́n fi ìṣó kọ sára sìmẹ́ńtì sókè, ó sì ṣí ìwé àdéhùn láti fi wé ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni gíláàsì fi ṣáájú kọ́kọ́rọ́. Ó fi oṣù mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú kànga.

Máfọwọ́kàn sọ ìyókù ní ṣókí, ó ti rẹ̀ ẹ́. Yàrá yìí ni ògiri ti kọ́kọ́ sán, kí wọ́n tó kùn ún. Nígbà tó yá ló tó já sí pálọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi sí ọ̀dà lọ́hùn-ún. Òun gan-an ti fẹ́ ṣìnà. Ó yíjú sí káfíńtà, ó béèrè ìdí tí kò fi fọ́ gíláàsì náà dànù.

"Ọ̀gá ní kí n fi òòlù fọ́ ọ," ni káfíńtà náà wí, ó ń wo ilẹ̀. "Iṣẹ́ àgbà ni, sà. Wọ́n ti sọ fún gbogbo wa pé ẹni tó lẹ̀ ẹ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Mo wá fi igi gbé kọ́bọ́ọ̀dù síwájú díẹ̀ kó má bàa kàn án."

Lọ́yà náà kò gbé ohùn sókè. Ó ní oṣù mẹ́fà inú ìwé àdéhùn wà fún àléébù tí ojú lè rí. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ bo àléébù mọ́lẹ̀ kò lè tún yọ kàlẹ́ńdà síta pé àsìkò ti kọjá. Ọjọ́ tí onílé bá rí i ni òfin máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Òní ni ọjọ́ kìíní. Ọ̀mọ̀ràn náà mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. "Mo rò pé ó máa dúró ni," ó wí. "Ìpìlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yìí ò jìn tó, iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ń sá kiri nígbà yẹn. Mo ní tó bá ti dúró, màá wá tún un ṣe láìjẹ́ kẹ́nì kankan mọ̀."

Ìyá Tíṣà ń wo gíláàsì náà. Láti ìgbà tó ti wọ ìdílé yẹn, "ẹ" ló fi ń bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún púpọ̀ jù ú.

"Ìwọ lo bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì," ó wí. "Lọ́jọ́ tí mo kó wọlé. Mo ní kí á gbé e sẹ́bàá fèrèsé, o ní rárá, pé ibí lafẹ́fẹ́ wà. Ìwọ lo gbé orí ẹ̀, èmi gbé ìdí. O mọ̀."

Ọkùnrin náà fọwọ́ bojú. Ojú ti Máfọwọ́kàn pé òun wà níbẹ̀, bí ojú ṣe máa ń tì í nígbàkígbà tí òótọ́ bá jáde tán.

Lọ́yà béèrè ohun tí màmá fẹ́. Ó ní wọ́n lè gbé e lọ kóòtù báyìí, àwọn yóò sì borí. Ìyá Tíṣà ní òun ti gbọ́ pé ọdún mẹ́ta ni, òun kò sì ní okun ọdún mẹ́ta lára. Ohun tí òun fẹ́ ni ìpìlẹ̀ tuntun lábẹ́ ògiri yẹn, àti ibi tí òun máa gbé títí iṣẹ́ fi parí, lọ́wọ́ ẹni tó bà á jẹ́. Lọ́yà ní àwọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kóòtù yóò lù ú lóńtẹ̀ kó lè ní agbára ìdájọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yóò sì gba ẹ̀dà kan kí òpin oṣù tó pé. Bí agbaṣẹ́ṣe bá yẹ̀ ẹ́, kò sí àlàyé kankan mọ́. Ọkùnrin náà gbà láìgbé ojú sókè.

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bíríkìlà ni. Ó di nǹkan kan sínú ìwé ìròyìn, sìmẹ́ńtì díẹ̀ sì wà nínú agolo lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ó ní láti ọjọ́ Rú, òun kò rí oorun sùn. Ó rí ògiri náà, ó rí ọ̀gá rẹ̀, ó sì kí gbogbo wọn. Ó ní bí èyí bá ti fọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi òmíràn sí i lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí ògiri ṣe ń yára tó kí àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀.

Ó tú gíláàsì tuntun jáde, ó lẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ti àtijọ́, ó sì na ọwọ́ sápò láti mú ìṣó. Ìyá Tíṣà gba ìṣó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e fún àbúrò ọkọ rẹ̀.

"Kọ ọjọ́ òní sí i. Kọ orúkọ ẹ sábẹ́ ẹ̀. Kọ ọ́ kó hàn."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ọ́. Sìmẹ́ńtì ṣàn díẹ̀ bo lẹ́tà tó kẹ́yìn. Ó na ìka láti nù ún kúrò. Máfọwọ́kàn ti la ẹnu, ṣùgbọ́n Ìyá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ ọ́.

"Má fọwọ́ kàn án."